Kí Ló Dé Tí Ewédú Ìyá Wa Kọ̀ Tí Kò Hù Lẹ́yìn Tí Káyọ̀dé Wọ Bàálù?

Mo mọ̀ pé mo jẹ yín ní gbèsè àpilẹ̀kọ láti bí oṣù méjì. Iṣẹ́ yàrá ìwádìí ló gbà mí lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Káyọ̀dé, rìnrìn àjò lọ sí Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹsàn-án èṣí, láti lọ kàwé sí i. (Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó" níbí. Bí mo bá dé iwájú ìyá wa, "Bọ̀dá" ni o, mi ò fẹ́ wàhálà.) Òun ló ni ọgbà ilé wa. Nígbà ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ fásitì lọ́dún 2022, tí gbogbo wa jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ, ló sọ ẹ̀yìnkùlé di oko: ebè ewédú méjì, ebè tẹ̀tẹ̀ kan, ata rodo mẹ́fà nínú ike ọ̀dà, àti igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan tí bàbá wa ti gbìn kí wọ́n tó kú. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wa ò ti ra ewédú lọ́jà mọ́. Kódà àwọn aládùúgbò máa ń wá já tiwọn.

Nígbà tí Káyọ̀dé lọ tán, ìyá wa ní àwọn á máa bá a tọ́jú ẹ̀. Wọ́n ro ebè, wọ́n po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jinná mọ́ ilẹ̀, wọ́n mú agolo tí Káyọ̀dé ń tọ́jú irúgbìn sí, wọ́n fọ́n ewédú sílẹ̀. Wọ́n ń bomi rin ín láàárọ̀, wọ́n ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Bí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó yẹ kéèyàn máa rí ewé wínníwínní lórí ebè. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Mo ka ohun tó hù: méje. Méje péré, lórí ebè méjì.

Ká ní ewédú nìkan ni, kò ní burú jù. Ṣùgbọ́n àárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà ni Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn ìpè ní ọ̀rọ̀ méjì-méjì. "Mo wà dáadáa, Màmá. Mà á pè yín padà." Kò sì ní pè padà. Ìyá wa bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Mo bá wọn lórí ìdúró lẹ́bàá ebè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ilẹ̀ tí ọmọ mi ń fọwọ́ kàn tí kì í kọ̀, kí ló dé tó wá kọ̀ báyìí?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Èmi, tí mo rò pé mo ti kàwé, mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n ní, "Dókítà. Ìwé tó ò ń kà yẹn, ṣé ó sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ fún ọ?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo gba agolo irúgbìn lọ́wọ́ wọn, mo wọ yàrá lọ. Ó kéré tán, mo lè wá ìdí tí ewédú ò fi hù.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé hóró náà ti kú. Mo ka ogún hóró, mo tò wọ́n sórí tíṣù tútù, mo dé e mọ́nú ike tí wọ́n fi ń ta ìrẹsì, mo gbé e sórí fíríìjì. Hóró ewédú kéré gan-an, ó ní igun-igun, àwọ̀ rẹ̀ sì wà láàárín ewé àti eérú. Lọ́jọ́ karùn-ún, méjì ti yọ ìrù. Àwọn méjìdínlógún yòókù wà bí wọ́n ṣe wà.

Ohun tó mú mi lọ́kàn nìyẹn o: bí wọ́n ṣe wà. Hóró tó ti kú máa ń mu omi. Á wú, á rọ̀, lẹ́yìn náà á bu, á máa rùn. Àwọn wọ̀nyí ò wú rárá. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, ó le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ọjọ́ márùn-ún nínú omi, omi ò wọ inú wọn. Wọn ò kú. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí ni.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Káyọ̀dé lórí WhatsApp. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà ló fèsì, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín lóhùn rẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ: "Haa! Ṣé ẹ ò fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ ni?"

Omi gbígbóná kẹ̀? Ó ní ìyá kan tó ń dáko ewédú lákùrọ̀ ló kọ́ òun. Ó rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi ń ṣe é nínú ilé ìdáná wa kan náà, kò sí ẹni tó rí i, nítorí àárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń ṣe é, nígbà tí a ṣì ń sùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ di irúgbìn sínú aṣọ fẹ́lẹ́. Ẹ se omi kó hó, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kúrò lórí iná. Ẹ ri aṣọ náà bọ inú omi, ẹ ka ení, èjì dé ẹẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ọ́ sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ kí omi ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀, kí ẹ pò ó mọ́ iyanrìn kó lè ṣeé fọ́n. Ẹ má gbé e sórí iná kó máa hó pẹ̀lú omi o. Ìyẹn ti di ọbẹ̀.

Mo ṣe ogún hóró bẹ́ẹ̀ láti inú agolo kan náà. Lọ́jọ́ kẹrin, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti yọ ìrù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe é, hóró sì kéré, nítorí náà ẹni tó bá ní àyè kó tún un ṣe nílé tirẹ̀ kó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí bá ohun tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ti mọ̀ tipẹ́ nípa ewédú mu.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Èèpo hóró ewédú ní ìpele sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n tò gbágbáágbá bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri, tí ohun tó dà bí ìda sì dí gbogbo àlàfo wọn. Omi ò lè là á kọjá. Ibì kan wà lára èèpo yẹn tó dà bí ilẹ̀kùn kékeré, ooru òjijì ló sì máa ń ṣí i. Bó bá ti ṣí, omi wọlé, ọmọ inú hóró jí. Bí hóró bá sì ṣe gbẹ tó ni ìlẹ̀kùn yẹn ṣe máa ń le tó. Káyọ̀dé sì rèé, orí páànù ló ti máa ń sá irúgbìn tiẹ̀ nígbà ọyẹ́! Ó gbẹ ẹ́ débi pé àfi ẹni tó bá mọ àṣírí ló lè jí i.

Tí ẹ bá rò ó, ọgbọ́n ni fún ewéko. Ká ní gbogbo hóró ló máa hù ní gẹ́lẹ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kan ilẹ̀, tí òjò náà sì wá dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wọn á kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan bá jí lónìí, tí àwọn kan dúró di ìgbà tí oòrùn bá ti dáná sí ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tàbí tí iná oko bá kọjá lórí wọn, ìran wọn ò ní parun. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ewédú tó dá hù níbi tẹ́nikẹ́ni ò gbìn ín sí láti bí ọdún méjì. Hóró igbá, tí wọ́n fi ń ṣe irú, náà ní èèpo líle tó ń dènà omi bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń ṣe irú bí wákàtí tí wọ́n fi ń sè é ṣe ń pọ̀ tó.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá wa. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Nítorí náà, ọmọ mi ń fi omi gbígbóná wẹ irúgbìn láàárọ̀ kùtù, mi ò sì mọ̀." Wọn ò sọ ohun mìíràn. Mo rí i pé ìdajì ìṣòro ni mo yanjú.

Wọ́n tún fọ́n ewédú sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, pẹ̀lú omi gbígbóná lọ́tẹ̀ yìí. Ó hù bí irun orí! Ìyá Káyọ̀dé, gẹ́gẹ́ bí àdúgbò ṣe ń pè wọ́n, ń mú àlejò lọ sẹ́yìnkùlé kí wọ́n lọ wò ó. Inú gbogbo wa dùn títí di àárín oṣù Kejìlá, nígbà tí wọ́n pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Dókítà! Wá wo ohun tí omi gbígbóná rẹ ṣe!"

Ewédú ò tíì ga ju orúnkún lọ, ó ti yọ òdòdó. Òdòdó kékeré, aláwọ̀ yẹ́lò, lórí gbogbo ẹ̀ka. Ewé rẹ̀ kéré, igi rẹ̀ ti ń le. Ẹni tó bá ti gbin ewédú rí mọ̀ pé bó bá ti yọ òdòdó, ọbẹ̀ ti fẹ́ parí. Agbára ewéko ti kúrò nínú ewé, ó ti lọ sínú èso.

Omi gbígbóná kọ́ ló fà á o, mo fẹ́ kí èyí wà ní àkọsílẹ̀. Oòrùn ni. Tàbí kí n sọ ọ́ dáadáa: òkùnkùn ni.

Lọ́dún 1920, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, W. W. Garner àti H. A. Allard, tẹ ìwádìí kan jáde lórí tábà tí wọ́n ń pè ní Maryland Mammoth. Tábà yìí máa ń ga fíofío ní oko nígbà ooru tiwọn, kò ní yọ òdòdó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbìn ín sínú ilé onídígí nígbà òtútù, kékeré ló ti máa ń yọ òdòdó. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí ooru, wọ́n fura sí ilẹ̀, kì í ṣe àwọn ìyẹn. Níkẹyìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn tábà kan wọ inú ahéré òkùnkùn lọ́sàn-án gangan nígbà ooru, kí ọjọ́ tiwọn lè kúrú. Àwọn tábà náà sì yọ òdòdó. Bí ayé ṣe mọ̀ nìyẹn pé ewéko lè ka bí ọjọ́ ṣe gùn tó. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn wá rí i pé gígùn òru gan-an ni irú ewéko bẹ́ẹ̀ ń kà. Àwọ̀ kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní phytochrome, ló wà nínú ewé tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí òru bá gùn tó ìwọ̀n kan, ewé á ránṣẹ́ sí orí igi pé, "Ó tó, ẹ yọ òdòdó."

Ewédú wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ni àwọn àgbẹ̀ Bangladesh àti Íńdíà, nítorí ewédú kan náà yìí wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn fún okùn jute, èyí tí wọ́n fi ń hun àpò tí a ń kó kòkó sí. (Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀ẹ̀kan sí i: àpò kòkó àti ọbẹ̀ ewédú, ẹbí kan náà ni.) Igi gígùn ni wọ́n ń wá, nítorí náà wọ́n ń gbìn ín nígbà tí ọjọ́ bá ń gùn sí i. Bí wọ́n bá tètè gbìn ín, kí ọjọ́ tó gùn tó nǹkan bí wákàtí 12 àtààbọ̀, á yọ òdòdó kó tó ga, okùn á sì kúrú.

Ẹ wá wo Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹfà, ọjọ́ wa gùn tó nǹkan bíi wákàtí 12 àtààbọ̀. Ní oṣù Kejìlá, ó jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 43. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi jura lọ, àwa èèyàn kì í sábà fura. Ṣùgbọ́n ibi tí ewédú ń wò wà láàárín ìwọ̀n kékeré yẹn gan-an. Ewédú tí a gbìn ní oṣù Kẹrin ní àyè láti fi ewé ṣe fọ́ọ̀rì. Èyí tí a gbìn ní oṣù Kọkànlá ti mọ̀ pé òru ti gùn, ó ń kánjú bímọ. Ohun tí àwọn alákùrọ̀ ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni pé wọ́n á fọ́n ọn kí, wọ́n á sì tètè fà á tu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọn ò ní dúró gé e kó tún rú. Bí ẹ bá gbìn ín nílé lásìkò ọyẹ́, ohun tí ẹ̀yin náà máa ṣe nìyẹn.

Ẹnì kan máa bi mí bóyá iná séèkúrítì lè tan ewédú jẹ. Ó ṣeé ṣe. Àwọn àgbẹ̀ sóyà ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé sóyà tó wà lábẹ́ iná títì máa ń pẹ́ kó tó gbó, torí òun náà ń ka òru. Ní àdúgbò tiwa, kí iná kọ́kọ́ wà ná.

Èmi àti ìyá wa wà lórí ọ̀rọ̀ òru gígùn yìí lọ́jọ́ Sátidé kan ní oṣù Kejìlá, nígbà tí Káyọ̀dé pè lórí fídíò. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni n'Íbàdàn, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Ní ọ̀dọ̀ tiẹ̀, fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúdú bí ikòkò. Ìyá wa bi í pé aago mélòó lu. Ó ní mẹ́rin. Wọ́n ní, "Mẹ́rin òru?" Ó ní, "Mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Màmá."

Ẹ mú ọsàn kan, kí ẹ fi igi gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú òkùnkùn. Bí igi náà bá nàró ṣánṣán, ibi gbogbo lára ọsàn máa gba ìmọ́lẹ̀ fún ìdajì ìyípo rẹ̀. Ẹ wá dagun igi náà díẹ̀ kí orí rẹ̀ sá fún tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tún yí i. Ibi tó sún mọ́ àárín ọsàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ibi tó sún mọ́ orí, fìrí báyìí ló máa kọjá nínú ìmọ́lẹ̀, á sì pẹ́ nínú òkùnkùn. Ayé wa dagun bẹ́ẹ̀, ní ìwọ̀n dígírì 23.5. Ìbàdàn sún mọ́ àárín. Leeds jìnnà sókè. Ní òpin oṣù Kejìlá, ọjọ́ ní Leeds kì í ju wákàtí méje àtààbọ̀ lọ: oòrùn á yọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ, á wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ẹni tó bá wà nínú kíláàsì láti mẹ́sàn-án sí mẹ́rin lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìrí oòrùn sójú.

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu Káyọ̀dé. Ó ní kò rẹ òun nítorí iṣẹ́. Ó kàn rẹ òun ni. Oúnjẹ ò wu òun jẹ, òun ò sì fẹ́ gbé fóònù torí kí a má baà gbọ́ ọ lóhùn òun. Ìyá wa dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló tún sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín tó sì dùn mí pọ̀: pé ìpè àdúrà aago mẹ́fà àárọ̀ tí ìyá wa ń pe òun lójoojúmọ́ ti di aago márùn-ún lọ́dọ̀ òun láti òpin oṣù Kẹwàá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fa aago wọn sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá. Nígbà ooru, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Odindi ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n ti ń jí ọmọ yìí lójoojúmọ́ ní aago márùn-ún, nínú òkùnkùn biribiri, kò sì lè sọ fún wọn.

Ó lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, vitamin D rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Awọ ara wa ló máa ń fi oòrùn ṣe vitamin yìí, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, oòrùn wà nílẹ̀ jù lójú ọ̀run láti ṣiṣẹ́ náà. Àwọ̀ dúdú wa, tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn níbí, tún máa ń dín in kù lọ́hùn-ún. Ìmọ̀ràn ìjọba wọn ni pé kí gbogbo èèyàn ronú àtimáa lo microgram 10 lóòjọ́ nígbà òtútù, kí àwọn tó ní àwọ̀ dúdú bíi tiwa sì ronú àtimáa lò ó yípo ọdún. Bí ẹ bá ń palẹ̀ àpótí mọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò sọ pé oògùn vitamin ń wo àárò ilé o. Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ ní òun àti dókítà náà jókòó pẹ́, pé kì í ṣe vitamin nìkan ni àwọn sọ̀rọ̀ lé lórí. Mi ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá wa sún ìpè àdúrà sí aago kan ọ̀sán Sátidé, wọ́n sì fi òfin kan kún un: kó máa jáde síta kó tó gbé e. "Mo fẹ́ rí ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ." Báyìí ló ṣe ń dúró nínú òtútù pẹ̀lú fìlà, tó ń ṣe àmín.

Nígbà tó di oṣù Kẹta, ó ní òun fẹ́ gbin ewédú sínú ike lẹ́bàá fèrèsé. Ó ní kí n fi irúgbìn inú agolo ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹnì kan tó ń bọ̀. Mo kọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kéèyàn gbé irúgbìn gbígbìn wọlé láìní ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, èyí tí àjọ NAQS ń fúnni níbí. Kòkòrò tàbí àrùn kékeré kan lè bá a wọlé. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé kó lọ wá molokhia. Orúkọ tí àwọn ará Íjíbítì ń pe ewédú nìyẹn, wọ́n ń fi se ọbẹ̀ bíi tiwa. Ó rí irúgbìn rẹ̀ rà níbẹ̀. Ó fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, ó gbìn ín, ó gbé e sínú ilé títí ooru fi dé, torí ewédú ò fẹ́ òtútù rárá.

Lọ́jọ́ kan ní oṣù Kẹfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀, ó pè. Nílé wa, iná ti lọ, a jókòó síta nínú òkùnkùn. Oòrùn ń ràn lójú Káyọ̀dé. Ìyá wa gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Káyọ̀dé, ṣé kì í ṣe pé ò ń tàn mí? Mẹ́sàn-án kan náà kọ́ ló lu níbẹ̀?" Ọ̀kan náà ni. Igi ọsàn wa ti dagun sí ọ̀nà kejì: wákàtí 17 ni ọjọ́ gùn ní Leeds nígbà náà.

Ó yí fóònù sí ewédú rẹ̀. Ó ga dé àyà rẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, kò sí òdòdó kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ó ń yangàn. Ó ní òun ò rí káún rà, òun fi baking soda díẹ̀ sí i, ó sì yọ̀ dáadáa. (Ìbátan ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ló ń sọ omi ọbẹ̀ di tùró, tí ewé fi ń tètè rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ò sì ṣá.)

"Ó ga jù," ìyá wa ní. "Bẹ́ ẹ lórí." Wọ́n ò mọ̀ pé orí igi ń tú họ́móònù kan tó ń dá àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ dúró, pé bí a bá gé orí náà, àwọn ẹ̀ka á jí. Wọ́n ṣáà mọ̀ pé bó ṣe ń rú nìyẹn.

Káyọ̀dé bi mí ìgbà tó máa yọ òdòdó kóun lè rí irúgbìn tòun tọ́jú. Mo ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ ní Leeds kò ní kúrú tó bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bí àárín oṣù Kẹsàn-án, òtútù á sì ti dé kí èso tó gbó. Mo ní kó ra òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

"Irúgbìn ẹ̀ wà nínú agolo níbí," ìyá wa ní, "nígbàkígbà tó o bá dé." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó gbé fóònù sún mọ́ ewé náà dáadáa, àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá kòkòrò ló wà lábẹ́ ọ̀kan tó wà lápá òsì yẹn.